Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrọ̀lẹ́ Ìrántí Otis Redding ní Ìbàdàn

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 1967, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan já sínú adágún Monona tó wà ní ìlú Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Otis Redding, akọrin tí ohùn rẹ̀ le koko tó sì tún rọ̀ bí ohùn ẹni tí ẹkún wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ó kú sí, ọmọ ọdún 26 péré ni. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ sì ti ń gbẹ ètè, àwa bíi ogún ènìyàn a máa pàdé ní pálọ̀ ńlá ilé kan ní Òkè-Àdó láti fi ìrọ̀lẹ́ kan gbọ́ orin rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ nípa rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ní Bódìjà àti ní Àgbowó ti ń béèrè bí àwọn náà ṣe lè ṣe irú rẹ̀ ní àdúgbò wọn, yálà fún Otis tàbí fún olórin mìíràn tó ti lọ. Èyí ni ìdáhùn mi, inú àṣìṣe tí èmi fúnra mi ti ṣe ni mo sì ti kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù nínú àwọn àṣìṣe náà kí a tó lọ síwájú. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ ṣe é, a pe ẹnì kan tó mọ̀wé dáadáa láti wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa ìgbésí ayé olóògbé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fún un. Ogójì ìṣẹ́jú ni ó lò. Nígbà tí yóò fi jókòó, wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò ṣiṣẹ́, orin méjì péré ni a sì rí gbọ́ lórí fóònù kí kálukú tó wá ọ̀nà ilé rẹ̀. A ṣe ìrántí olórin, a kò gbọ́ orin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ipa tí olórin kan ní lórí àwọn ẹlòmíràn, etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹnu. Bí ẹ bá fẹ́ fi ipa náà han ènìyàn, ẹ gbé orin méjì ka iwájú rẹ̀, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fi etí ara rẹ̀ wọ̀n wọ́n. Gbogbo ètò tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, orí ìyẹn ni ó dúró lé.

Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń rántí

Ẹ mú ìwé pélébé kan, kí ẹ kọ ohun tó dá yín lójú nípa olóògbé sí ojú kan ṣoṣo. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ojú ìwé kan, ó ti di ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ti Otis kò ṣòro. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1941, ní ìlú Dawson ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó sì dàgbà ní Macon, ìlú kan náà tí Little Richard, gbajúgbajà olórin rọ́ọ̀kì, ti jáde wá. Ó kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kékeré, bíi ti ọ̀pọ̀ olórin tiwa náà. Ní ọdún 1962, ó wakọ̀ gbé Johnny Jenkins, onígìtá tí ó ń bá ṣiṣẹ́, lọ sí iléeṣẹ́ Stax tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ní ìlú Memphis. Jenkins ni wọ́n fẹ́ ká orin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ti Jenkins kò fi bẹ́ẹ̀ yọrí sí nǹkan. Nígbà tí àkókò ṣì kù díẹ̀, wọ́n jẹ́ kí awakọ̀ náà kọ tirẹ̀, ó sì kọ “These Arms of Mine”. Mo máa ń jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ka apá yìí sókè, nítorí pé kò sí àdúgbò kan ní Ìbàdàn tí wọn kò ti mọ ọmọ ẹ̀yìn kan tó di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ní kí ó wá báni gbẹ́rù lásán.

Stax pàápàá yẹ fún gbólóhùn bíi mélòó kan nínú ìwé yín. Ilé sinimá àtijọ́ ni wọ́n sọ di iléeṣẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ilé sinimá ṣe máa ń rí, wọn kò sì tẹ́ ẹ. Wọ́n gbà pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn wà lára ohun tó fún orin ibẹ̀ ní ohùn tirẹ̀. Ní àkókò tí òfin àti àṣà gúúsù Amẹ́ríkà ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, Booker T. Jones tó ń tẹ dùùrù àti Al Jackson tó ń lu ìlù, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ń bá Steve Cropper onígìtá àti Donald Dunn tó ń ta gìtá béèsì, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ funfun, ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ṣoṣo. Àwọn wọ̀nyí ló wà lẹ́yìn Otis nínú ọ̀pọ̀ orin tí ẹ máa gbọ́.

Ẹ yẹ ìwé náà wò dáadáa kí ẹ tó kà á síta, nítorí pé àṣìṣe mẹ́ta kan wà tí mo máa ń gbọ́ léraléra. Àwọn kan a máa sọ pé Otis ló kọ “Try a Little Tenderness”. Rárá, ọdún 1932 ni orin náà ti wà láyé, kí wọ́n tó bí Otis rárá. Àwọn mìíràn a ní Aretha Franklin, akọrin obìnrin Amẹ́ríkà, ló ni “Respect”. Otis ló kọ ọ́, tirẹ̀ sì ti jáde ní ọdún 1965. Ẹ̀kẹta ni pé gbogbo ẹgbẹ́ Bar-Kays tó ń bá a ṣeré kú pẹ̀lú rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ló kú. Ben Cauley tó ń fun fèrè yè é, òun nìkan ṣoṣo ni ó sì yè nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà; James Alexander, ọmọ ẹgbẹ́ náà, kò sí nínú rẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ kò gba gbogbo wọn. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ òkú, kí a má fi ẹni tó yè kún un.

Orin wo ni kí ẹ fi sí i?

Ibí ni iṣẹ́ wà, ibí sì ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ẹ má ṣe kó gbogbo orin olóògbé jọ. Ẹ yan bíi mẹ́wàá; mẹ́wàá tó kúrú bí orin ìgbà yẹn ṣe ń kúrú kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ó sì ku àyè fún ọ̀rọ̀, fún oúnjẹ àti fún àwọn tó máa ní kí ẹ tún un gbé sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí òun náà tẹ̀ lé. Sam Cooke, akọrin Amẹ́ríkà tó ṣáájú rẹ̀, ni ẹni náà. Ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 1964 ni Cooke kú, tó fi jẹ́ pé àyájọ́ ikú àwọn méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Nínú àwo “Otis Blue” tó jáde ní 1965, orin Sam Cooke mẹ́ta ni Otis kọ. Ẹ gbé “Shake” ti Cooke sí i, kí ẹ má sọ nǹkan kan, kí ẹ sì gbé ti Otis lé e lórí lójú ẹsẹ̀. Ti Cooke ń yọ́ lọ bí epo. Ti Otis ń ta bí àgbàdo nínú ìkòkò. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ méjèèjì yóò mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà lọ́wọ́ olùkọ́ àti ohun tí ó ti ilé ara rẹ̀ mú wá, láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣàlàyé fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ gbé “These Arms of Mine” sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ara àwọn ènìyàn rọlẹ̀ díẹ̀.

“Try a Little Tenderness” ni èmi máa ń ní kí a gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún 1966 ni Otis ká tirẹ̀ sílẹ̀. Fèrè ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì wọlé bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí aláìsàn wà. Ohùn Otis tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń sọ pé ó máa ń rẹ obìnrin, pé aṣọ kan náà ló ń wọ̀ ṣáá, pé ìkẹ́ ni kí ẹ fún un. Kò tíì pẹ́, ẹ ó gbọ́ ohun kan tó ń kán tó-tó-tó bí aago ara ògiri: Al Jackson ni, igi ló fi ń kan etí ìlù rẹ̀, kò tíì lu ojú ìlù náà rárá. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbọ́ orin náà, ẹ jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà kejì, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sọ fún àwọn ènìyàn pé ohùn aago yẹn nìkan ni kí wọ́n máa tọ̀ lẹ́yìn. Wọn yóò gbọ́ bí dùùrù ṣe ń wọlé tí gìtá ń dáhùn lé e lórí, títí Otis fi fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tó ń ké “got-ta, got-ta” bí ẹni tí ẹ̀mí ń gùn. Ọkùnrin kan tó jẹ́ onílù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù ní ìhín sọ lọ́dún kan pé bí àwọn ṣe ń mú ìjọ láti orí orin ìtẹríba bọ́ sí ìjó nìyẹn gẹ́lẹ́: ẹ kì í sáré, ẹ kàn ń fi igi sí iná ni.

“Respect” ni orin tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dá a sílẹ̀. Nínú ti Otis, ọkùnrin ni ó ń sọ pé gbogbo ohun tí òun ń béèrè ni ọ̀wọ̀ díẹ̀ bí òun bá dé ilé. Aretha Franklin ká tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 1967, ó yí i sí ẹnu obìnrin, ó fi lẹ́tà pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà, orin náà sì dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Nígbà tí Otis ṣeré níbi àjọ̀dún orin Monterey ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ó fi ṣe àwàdà pé ọmọbìnrin kan ti gba orin náà lọ́wọ́ òun. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí: nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ipa olórin, kì í ṣe ẹni tó fara wé e nìkan ni a ń wá, a tún ń wá ẹni tó já a gbà tó sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, tí kò gbọ́ ju ìlàjì èdè Gẹ̀ẹ́sì inú orin náà lọ, gbọ́ méjèèjì tán, ó ní, “Ọkùnrin yẹn ń béèrè ọ̀wọ̀ bí ẹni béèrè oúnjẹ, obìnrin yìí ń béèrè rẹ̀ bí ẹni béèrè gbèsè.” Kò sí ọ̀mọ̀wé tí a pè rí tó sọ ọ́ dára tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá mú orin wá sílé. Ẹni tí ó bá ń gbé Ìbàdàn tó ń wá ipa orin sóòlù, irú orin tí Otis ń kọ yìí, káàkiri ayé láì dúró lọ́dọ̀ Orlando Julius Ekemode ti fo ilé tirẹ̀ kọjá. Wọ́n bí i ní 1943 ní Ìkọ́lé-Èkìtì, Ìbàdàn sì ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Modern Aces, ti ń ṣeré ní ìdajì kejì ọdún 1960 sí 1969. Sàsófóònù ni ó ń fọn, ó sì ń kọrin pẹ̀lú. Àwo rẹ̀, “Super Afro Soul”, jáde ní 1966, nígbà tí Otis ṣì wà láàyè. Ó kú ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2022. Èmi kò ní sọ fún yín pé Otis ló kọ́ ọ ní ohunkóhun, ẹ̀yin náà kò sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò; ohun tí mo lè sọ ni pé odò kan náà ni àwọn méjèèjì ti pọnmi. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ Temptations ti ìlú Detroit ló ni “My Girl”, tó jáde ní òpin ọdún 1964. Otis kọ ọ́ sínú “Otis Blue” ní 1965. Orlando Julius kọ ọ́ sínú “Super Afro Soul” ní 1966. Orin kan, ọdún méjì, ó ti kúrò ní Detroit, ó ti gba Memphis kọjá, ó sì ti dé ọwọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Èkìtì, tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó.

Ẹ gbé ti Otis àti ti Orlando Julius sí i ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ bí fèrè ti Orlando Julius kò ṣe tíì fi ẹ̀yìn hàn sí háíláìfù pátápátá. Àwọn àgbà inú yàrá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí níbẹ̀, nítorí pé ohùn ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n gbọ́ yẹn. Bí àyè bá wà, ẹ lè dárúkọ Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone, tó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Nàìjíríà láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí orin sóòlù rẹ̀ sì da àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù láàmú, àti Segun Bucknor ní Èkó, tó kú ní 2017. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ pọ̀ jù. Orúkọ tí a kò gbọ́ orin rẹ̀ kì í pẹ́ lọ́kàn.

Nítorí àwọn ọ̀dọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú kan gbé ìbẹ̀rẹ̀ orin tí Jay-Z àti Kanye West pè ní “Otis” ní 2011 sí i. Ohùn olóògbé ni wọ́n gé kúrò nínú “Tenderness” tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ dá a dúró kí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn méjèèjì tó gbóná jù bí àwọn ọmọ kéékèèké bá wà níbẹ̀. Ìgbà kan wà tí ọmọdékùnrin kan fò dìde pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo mọ èyí! Ṣé òun náà ló ń kọrin láti àárọ̀?” Ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó jókòó.

“(Sittin’ On) The Dock of the Bay” ni kí ó kẹ́yìn, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀rọ àti iná

Bí ẹ bá ní rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, ọyẹ́ ni ọ̀tá yín àkọ́kọ́. Eruku oṣù Kejìlá máa ń wọ inú ìlà rẹ́kọ́ọ̀dù bí ó ṣe ń wọ inú bàtà. Ẹ di rẹ́kọ́ọ̀dù náà mú ní etí, kí ẹ má fi ìka kan ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ òwú múlọ́múlọ́ tó gbẹ nù ún yípo, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìlà náà ṣe yí. Bí ẹ bá nù ún gbọ̀ọ̀rọ̀ láti etí kan sí èkejì, ẹ óò ha á. Ẹ yẹ ẹnu abẹ́rẹ́ náà wò bóyá òwú eruku ti so mọ́ ọn. Ẹ gbé gírámófóònù sórí tábìlì tó wúwo, kí ó jìnnà sí sípíkà, nítorí pé bí béèsì bá ń mi tábìlì, abẹ́rẹ́ yóò máa fò. Ẹ tún wo ìyára rẹ̀: rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré sábà máa ń yí ní 45, ńlá a máa yí ní 33. A ti gbé Otis sí i rí ní ìyára tí kì í ṣe tirẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti adìyẹ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀.

Àwọn tí kò ní rẹ́kọ́ọ̀dù lè lo fóònù, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo orin náà sílẹ̀ sórí fóònù ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ má gbójú lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ tò wọ́n ní ìtòtẹ̀léra tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà pátápátá kí ìpè má wọlé. Ní ọdún kẹta wa, ibi tí gbogbo ilé ti dákẹ́ jù ni ìró ìkìlọ̀ owó báńkì ti wọlé láti inú sípíkà. Wọ́n yọ owó ni, wọn kò tilẹ̀ fi kún un.

Sípíkà méjì tó mọ níwọ̀n ti tó fún pálọ̀. Ẹ gbé wọn sókè dé ibi etí ẹni tó jókòó, kí ẹ má gbé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ má yí ohùn náà dé òpin. Àwọn orin yìí kì í ṣe orin òde ìnáwó. Bí ohùn bá ti pọ̀ jù, aago Al Jackson yẹn yóò sọnù. Yàrá tí ó ní kọ́tìnì àti kápẹ́ẹ̀tì dára ju gbọ̀ngàn onísìmẹ́ńtì lọ, nítorí pé ohùn kì í padà wá bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Ní ti iná, bí ẹ bá lè rí bátìrì onínfátà yá, ẹ yá a, nítorí pé kì í pariwo. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ gbé e sí ìta lẹ́yìn ilé, kí ó jìnnà sí fèrèsé nítorí èéfín rẹ̀ tó ń pani, kí ẹ sì tàn án wò ní ọjọ́ kan ṣáájú. Mo ti sọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́, ibi àti àlejò

Ọjọ́ Sátidé oṣù Kejìlá ní Ìbàdàn, gbogbo ènìyàn ti ra aṣọ ẹbí. Ẹ má bá wọn du ọjọ́ náà. Ọjọ́ Àìkú tó bá súnmọ́ ọjọ́ 10 jù, láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́jọ, ni a máa ń lò, nítorí ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti sun oorun ọ̀sán tí wọ́n sì ti ṣe tán láti jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ilé tiyín ni, tí ẹ kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ lo gbọ̀ngàn tàbí òtẹ́ẹ̀lì, tí ẹ sì máa gba owó ìwọlé, ẹ kọ́kọ́ bá MCSN sọ̀rọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ àwọn olórin ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó fẹ́ bu ọlá fún olórin kò yẹ kí ó jẹ owó orin mọ́lẹ̀.

Ẹ pe àgbà méjì tàbí mẹ́ta tó ti jẹ́ ọ̀dọ́ ní 1967. Ẹ lọ kí wọn nílé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ má fi fóònù nìkan pè wọ́n, kí ẹ sì ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé wọn wá tí yóò sì gbé wọn padà. Ẹ má bi wọ́n pé, “Báwo ni orin sóòlù ṣe nípa lórí yín?” Irú ìbéèrè yẹn a máa mú kí bàbá gbé ohùn ìwé jáde. Ohun tí ọwọ́ lè kàn ni kí ẹ béèrè: “Bàbá, níjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ilé ta ni? Ta ló ni gírámófóònù? Bàtà wo ni ẹ wọ̀ jó o?” Bàbá kan dá wa lóhùn pé ọkùnrin akọ̀wé kan ní Ògùnpa ló ní gírámófóònù ládùúgbò àwọn, abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni àwọn máa ń dúró sí lálẹ́, bí ọkùnrin náà bá sì fẹ́ ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, àwọn a máa bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí.” Ó tún sọ pé ọdún tí Otis kú náà ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, pé ọ̀rẹ́ òun tí àwọn jọ máa ń dúró lábẹ́ fèrèsé náà wọṣẹ́ ológun, kò sì padà wálé. A kò béèrè nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ká ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i, nítorí pé àwọn tó lè sọ irú rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún.

Ẹ fún olúkúlùkù tí yóò sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì yan ọmọdé kan tí yóò mú aago lọ́wọ́. Àgbàlagbà kì í bínú sí ọmọdé tó bá ní àkókò ti tó. Àwa ni wọn kò ní gbà fún.

Oúnjẹ kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ṣe mọ́ orin lọ́wọ́. Móínmóín àti zóbò tútù ti tó. Àmàlà kò dára fún irú ọjọ́ yìí, ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí pé ìró abọ́ àti omi ìfọwọ́ yóò bo fèrè mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá máa ro ó, ẹ jẹ́ kí ó di lẹ́yìn ètò.

Orin tó kẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí aago mẹ́jọ kí ẹ tó dé ibí. Ẹni tó ń darí ètò ni kí ó sọ èyí nìkan: pé ní Sausalito, lẹ́bàá omi ní California, ni Otis ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà ní 1967, pé òun àti Steve Cropper ló parí rẹ̀, pé ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ni ó wọ Stax kẹ́yìn láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta sì ni ó kù fún un láyé, pé Cropper ló jókòó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì fi ìró ìgbì omi àti ohùn ẹyẹ etíkun sí i, pé orin náà jáde ní oṣù Kìíní 1968, ó sì di orin àkọ́kọ́ tó dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Kí ó jókòó lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn kan a máa fẹ́ kí a dìde dúró fún ìṣẹ́jú kan ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í gbà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí a pàṣẹ kì í dà bí èyí tí orin fúnra rẹ̀ ń mú wá. Ẹ pa iná, ẹ sọ fún ẹni tó wà nídìí ilẹ̀kùn kí ó má ṣí i, kí ẹ sì gbé orin náà sí i. Ìgbì omi ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni gìtá, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tí kò ké mọ́, tí kò bẹ̀bẹ̀ mọ́, tó kàn jókòó tó ń wo omi. Ní ìparí, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bí ẹni tó ń rìn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ohùn náà yóò máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹ má yí i sókè. Ẹ jẹ́ kí ìfé náà lọ títí tí ẹ kò ní gbọ́ ọ mọ́, kí ẹ ka ẹ̀ẹ̀kan dé ogún nínú, kí ẹ tó tan iná.